Ta Ló Ń Pe Bàbá Ní "O"?

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gbangba. Bí ẹ bá sì dé ọ̀hún, ẹ má dárúkọ mi.

Ṣé ẹ mọ ìyàwó tuntun tí wọ́n gbé wá fún àbíkẹ́yìn Bàbá Àgbà láti Èkìtì? Òun ló da agbo ilé wa rú láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ó jáde, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa. Ẹ ò lè rí àbùkù kankan nínú ìkúnlẹ̀ yẹn, èmi fúnra mi yọjú wò ó. Ó wá la ẹnu: "Bàbá, ṣé o jíire?"

O! Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún! Orín já bọ́ lẹ́nu wọn. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ tó ń sá gbodo sórí àpáta ju igbá sílẹ̀, ó ní ẹ gbà mí, ilé ti bàjẹ́. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní Ṣakí, ó ti dé Ìṣẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń hun aṣọ òkè. Ẹni tó gbé e débẹ̀, ẹ má bi mí.

Ìyá Sábẹ́ ló bá wa pa iná rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìyàwó onímọ́tò, tó kàwé Faransé ní Bẹ̀nẹ̀ kó tó rìn wá sílé ọkọ. Ó ní, "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ní Èkìtì, 'o' ni wọ́n ń pe bàbá tó bí wọn lọ́mọ, kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ lẹ máa ń pe ẹnì kan bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Faransé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. 'Tu' ni fún ẹgbẹ́ ẹni, 'vous' ni fún àgbà, 'vous' yẹn náà ni wọ́n sì fi ń pe ogún ènìyàn."

Èmi ní há! Òyìnbó náà mọ ìwọ yàtọ̀ sí ẹ̀yin? Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ wa ńkọ́, tó jẹ́ pé gómìnà ni o, ewúrẹ́ ni o, "you" ni gbogbo wọn?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Faransé, Ítálì, Spéìnì, Potogí àti Románíà, ọmọ ìyá kan ni wọ́n, Látìnì ló bí wọn. Àwọn ọmọ ogun Róòmù àti àwọn oníṣòwò ló gbé e káàkiri, kì í ṣe Látìnì inú ìwé, ti ẹnu ọjà ni. Nígbà tí ìjọba Róòmù fọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ń sọ tirẹ̀ lọ. Ó kà á fún wa lórí ìka: uno, due, tre, uno, dos, tres, un, deux, trois, unu, doi, trei. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ní ẹnì kan náà ló ń ka gbogbo rẹ̀, ikọ́ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti omi. Aqua ni Látìnì pè é. Ítálì ní acqua, Spéìnì ní agua, Románíà ní apă. Faransé jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó ku "o" kan ṣoṣo lẹ́nu wọn, síbẹ̀ lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ọ́: eau. Ahun pọ̀ nínú ìwé wọn, wọn ò lè ju nǹkan nù!

Àmọ́ kí n má parọ́, àwa náà ń jẹ tiwa. Òrìṣà ti di òòṣà lẹ́nu wa, adìrẹ ti di adìẹ. Ará Ìbàdàn gbé "ṣ" mì pátápátá. Ìyàwó Èkìtì yìí ń pe ilé ní ulé, ẹ̀rín sì ń pa àwọn ọmọdé. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Ta ló sọ pé tiwa ló tọ́? Ṣebí ọmọ Òṣogùn ni Ajayi Crowther, ní ìtòsí Ìṣẹ́yìn níbí, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Òun ló tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tó sì ṣíwájú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884. Ká ní Èkìtì ni wọ́n ti kó bíṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, ulé là bá máa kọ sínú ìdánwò, àwa ni wọn ì bá máa fi rẹ́rìn-ín. Ìyá Sábẹ́ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti Ítálì: èdè Florence tí Dante fi kọ̀wé ló di ti gbogbo wọn.

Ó tún sọ ọ̀kan tó wọ̀ mí lára. Ní 813, àwọn àgbà ìjọ pàdé ní Tours, nílẹ̀ Faransé. Wọ́n ní kí àwọn àlùfáà máa fi èdè ará oko wàásù, torí Látìnì ò yé èrò mọ́. Ẹ ò rí i? Èdè ti bímọ, ìyá ò tíì gbọ́!

Tiwa kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Sábẹ́ dé Ṣakí, a gbọ́ ọ, ó gbọ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ìlà sáàárín wa, tí Sábẹ́ àti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kàn ń lọ "lekọ́ọ̀lù", tiwa ń lọ súkúù. Ní Atakpamé ní Tógò, àwọn Ifẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní Àná. Ìyẹn, ẹ ní láti tẹ́tí gidi. Ígálà ló jìnnà jù. Omi ni wọ́n ń pe omi, ṣùgbọ́n ọmọ ti di ọma, orí ti di oji. Àwọn Olùkùmi tó wà ní Ugbodu, láàárín àwọn Ígbò ní ìpínlẹ̀ Delta, ni Ìyá Sábẹ́ pè ní Románíà tiwa, torí àárín àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ ni àwọn méjèèjì há sí. Bàrìbá tó wà nítòsí wa níbí ńkọ́? Aládùúgbò lásán ni o, kò bá wa tan tímọ́tímọ́.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú orín wọn. Wọ́n ní kí ìyàwó máa pe àwọn ní "o" nínú iyàrá bó bá wù ú, ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti Ìṣẹ́yìn wá, "ẹ" ni o.

Ẹ̀rù ti ba ọmọ náà. Láti ìgbà yẹn, gbogbo nǹkan ló ń bọ̀wọ̀ fún. Lánàá, ewúrẹ́ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ki ẹnu bọ gbodo. Ìyàwó sáré jáde, ó gbé ìgbálẹ̀ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀, mà!"