Lẹ́tà Ṣíṣí sí Baálẹ̀ Plugin

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ilé, mo kí ọ̀nà, mo kí kọ̀ǹpútà rẹ tí kì í rí oorun sùn. Mo sì kí gbogbo transient shaper tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èèyàn ṣe ń kí àwọn ìyàwó ìjòyè, kí n má baà fo ẹnì kan kó di ìjà.

Wọ́n ní o tún fẹ́ ra òmíràn. Ẹni tó sọ fún mi ní o jókòó ti fídíò láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí, òyìnbó kan ń yí bọ́tìnnì, ìwọ náà ń mi orí. Orin tí àwọn èèyàn ti san àsansílẹ̀ lé lórí ṣì wà níbi tó o fi í sí. Mo wá ní kí n kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí irú àìsàn yìí ń ṣe lè jẹ nínú rẹ̀. Ẹ pọ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ júbà ẹni tó ṣe transient shaper. Ní 1998, ilé iṣẹ́ SPL ní Jámánì gbé ẹ̀rọ kan jáde, wọ́n pè é ní Transient Designer. Ruben Tilgner ló ṣe é, kó tó lọ dá ilé iṣẹ́ elysia sílẹ̀. Bọ́tìnnì méjì péré ni wọ́n fún ìró kọ̀ọ̀kan: Attack, tó lè gbé ìbẹ̀rẹ̀ ìró sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 15 dB, àti Sustain, tó lè fi 24 dB ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí threshold, kò sí ratio. Bọ́tìnnì méjì yìí ni àwọn àgbà ẹnjiníà fi ń jẹun, tí wọ́n sì ń yó. Ìwọ ń wá èyí tó ní méjìlá, pẹ̀lú àwòrán tó ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì láàárín.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Ohun méjì ló ń tọpa ìró kan náà nínú rẹ̀. Èyí tó yára máa ń fò sókè lójú ẹsẹ̀ tí ọ̀pá bá kan awọ. Èyí tó lọ́ra ń bọ̀ lẹ́yìn. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀rọ náà ń wò. Níbi tí èyí tó yára bá ti ga ju èkejì lọ, ó mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu ìlù ni, ibẹ̀ ni yóò gbé sókè tàbí tí yóò rẹ̀ sílẹ̀. Torí pé àlàfo ló ń wò, tí kì í ṣe ariwo, ọwọ́ kan náà ló fi ń mú ìlù tí wọ́n fi gbogbo agbára lù àti èyí tí wọ́n kàn fọwọ́ tọ́. Compressor ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀: ìró tó bá kọjá òdiwọ̀n nìkan ló ń gbá lórí. Ìmọ̀ wíwo àlàfo yìí náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ transient shaper tó o kó jọ. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀ fún wọn.

O ò gbà? Ó dáa. Mú snare kan, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí track méjì. Gbé Transient Master ti Native Instruments sórí ọ̀kan, gbé èyí tí Kilohearts ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ sórí èkejì. Máa yí wọn títí etí rẹ yóò fi gbà pé wọ́n jọra, kó o sì rí i dájú pé ọ̀kan ò pariwo ju èkejì lọ. Wá yí polarity ọ̀kan padà, kó o jẹ́ kí àwọn méjèèjì dún pọ̀. Ibi tí wọ́n ti bára mu yóò pa ara rẹ̀ rẹ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ìyàtọ̀ tó o fẹ́ kó dọ́là lé lórí. Tẹ́tí sí àṣẹ́kù yẹn dáadáa, kó o wá ṣírò rẹ̀ sí náírà.

Má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ariwo tí mo sọ yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú yín. Etí èèyàn máa ń gbè sẹ́yìn èyí tó bá pariwo díẹ̀ sí i. Bó o bá sì ti gbé Attack sókè, ìró náà ti ga sí i nìyẹn. Kò sí bí plugin tuntun ò ṣe ní dà bí èyí tó dára jù nígbà tó o bá tàn án. Fà á wálẹ̀ ní output kó dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, kó o tó pariwo pé “ó ń punch, ó ń punch!”

N ò sọ pé gbogbo wọn dọ́gba o. Èyí tó wà nínú Neutron ti iZotope lè pín ìró sí ọ̀nà mẹ́ta, kó o lè gbé ìkọlù kick, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ìró rẹ̀, sókè láìfọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Spiff ti oeksound ń wá ibi tí ìkọlù náà ti ń dunni létí gan-an, ibẹ̀ nìkan ló ń tọ́jú. Physion ti Eventide ń ya ìkọlù sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn tó tẹ̀ lé e, tó fi jẹ́ pé o lè da reverb sórí ọ̀kan kó o sì fi èkejì sílẹ̀ gbẹ. Tó o bá ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, rà á, èmi fúnra mi á dáwó sí i. Àmọ́ kick tó o wà jáde látinú sample pack, tí ẹni tó ṣe é ti fi limiter tẹ̀ pẹlẹbẹ kó tó tà á, kí lo fẹ́ kí transient shaper rí gbé sókè lára rẹ̀?

Ẹ̀wẹ̀, Transient Processor wà nínú FL Studio tó o ń lò yẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń lo Logic ní Enveloper, àwọn oní-Cubase ní Envelope Shaper, Drum Buss ti Ableton náà ní bọ́tìnnì Transients tirẹ̀. O ò tíì ṣí tìrẹ wò rí, torí kò sẹ́ni tó lanu sílẹ̀ lójú àwòrán fídíò nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gángan ló dùn mí jù. Mo gbọ́ orin tó o fi ránṣẹ́. Bàbá onílù yẹn jókòó, ó ki ìyá rẹ bí ẹni tí wọ́n san owó oríkì fún, ìwọ wá yí Attack dé òpin, o fa Sustain wálẹ̀ dé ilẹ̀. Ó di ká, ká, ká. Wọ́n ní bàbá náà ń béèrè ta ló gé òun ní ahọ́n.

Gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ gángan, ìró kíkankíkan tó kọ́kọ́ jáde ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, nígbà tí apá onílù ń fún ọsán mọ́ra tó sì ń dẹ̀ ẹ́, tí ohùn ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Inú Sustain nìyẹn. Bó o bá gé e, etí ò ní mọ ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ mọ́, ẹni tó gbọ́ ìlù náà ò sì ní mọ ohun tó wí. Fi Attack sí 2 tàbí 3 dB, kí kọ̀ǹgọ́ lè yọ díẹ̀ láàárín ariwo gìtá, kó o fi Sustain sílẹ̀ bó ṣe wà. Ojú ṣáṣá bàtá, tí wọ́n ń fi bílálà nà, lè gba Attack jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìró rẹ̀ gbẹ tẹ́lẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kì í kan igbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó o gbé sókè á máa di ariwo ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́.

Tó o bá sì fẹ́ gbé Sustain sókè, kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà láàárín ìlù kan àti èkejì. Ní sitúdíò tìrẹ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló wà níbẹ̀. Ìró tó kéré ni Sustain ń fà sókè, kì í bi í pé ta ló ni ín.

Ibi kan wà tí mo ti gbà pé o mọ nǹkan tó ò ń ṣe. Nínú orin tó o fi log drum sí, o gé ìrù kick kúrú kí log drum lè rí ààyè mí. Iṣẹ́ transient shaper gan-an nìyẹn. O wá lọ fi limiter pa gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí master, ó jẹ gbogbo ìkọlù tó o fi alẹ́ odindi gbé sókè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Spotify á fà á wálẹ̀ sí −14 LUFS náà ni. Ariwo lọ, punch náà lọ.

Fi gángan yẹn ránṣẹ́ sí mi bí bàbá ṣe lù ú, láìfi nǹkan kan sí i. Mi ò fẹ́ àwòrán ojú kọ̀ǹpútà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí Black Friday ń kọjá lọ́dọọdún láìyà kí i.

Àfikún: Wọ́n ní o to transient shaper mẹ́ta léra lórí kick kan, àkọ́kọ́ ń gbé e sókè, èkejì ń fà á wálẹ̀, ẹ̀kẹta ń wo ojú àwọn méjèèjì. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, yọ wọ́n kúrò kó o fi kick náà kún ohun tó ò ń fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ òun fúnra rẹ̀, tó bá ṣì wà láàyè.