Àgbàdo Ni Mo Ní Kó Lọ̀, Èmi Ló Ń Lọ̀

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń ta ẹ̀rọ léèrè: bí wọ́n bá dá iye lé ẹ̀rọ ìlọgbàdo, kí ni wọ́n ń dá iye lé gan-an? Èyí tí mo sanwó rẹ̀ dé Pobẹ̀, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, lórí ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn géńdé làágùn kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì lè lọ ẹyọ àgbàdo kan ṣoṣo. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Kò ní bẹ́líìtì. Kò ní ohun tí yóò dúró lé. Mo pe ẹni tó tà á fún mi lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ lẹ ní ẹ fẹ́ rà, ẹ̀rọ náà ni mo sì tà fún yín." Ó parí. Ìhòòhò ni wọ́n ń ta ẹ̀rọ nílẹ̀ wa. Aṣọ tí yóò wọ̀, ẹni tó rà á ni yóò máa wá a kiri títí àpò rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Ẹ má sọ pé ojúkòkòrò ló tì mí débẹ̀. Ẹ̀kọ ni ìyàwó mi ń tà. Láti Pobẹ̀ títí dé Ṣakẹ́tẹ́, àgbàdo la fi ń jí, òun náà la fi ń sùn: ẹ̀kọ láàárọ̀, ọkà lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí àgbàdo tó rẹ sómi bá ti rọ̀ tán, bàsíà á dorí, ó di ilé ẹlẹ́rọ. Yóò tò sẹ́yìn àwọn tó ti tò, yóò sanwó, yóò sì gbé ìyẹ̀fun ẹlòmíràn lára aṣọ padà wálé. Àwọn ará ilé, àwọn àna, àwọn tí a jọ ń jókòó lábẹ́ igi, gbogbo wọn ló gbà mí nímọ̀ràn: "Ṣé ẹ ò lè gbé ẹ̀rọ tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni? Owó tí ìyàwó yín ń kó fún ẹlẹ́rọ yìí, ẹ̀yin ò fẹ́ ẹ?" Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ẹ̀rọ, kò sì sí ọ̀kan tó dá owó.

Wàhálà kìíní ni yíyàn. Ẹ̀rọ olóòlù wà, ẹ̀rọ oní-pléètì wà. Nínú olóòlù, àwọn irin pẹlẹbẹ ló ń fò yí po, ó lè tó ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á máa lu àgbàdo gbígbẹ títí yóò fi kúnná tó láti gba ojú asẹ́ jáde. Ìyẹ̀fun rẹ̀ dára, ó dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da àgbàdo tí a rẹ sómi sí i, asẹ́ á dí pátápátá, ẹ ó sì máa fi ìka ha á. Oní-pléètì ní irin róbótó méjì tó dojú kọra, tí wọ́n la ilà sí lójú: ọ̀kan dúró, ìkejì ń yí, ohun tí a fẹ́ lọ̀ ń gba àárín wọn kọjá. Ìyẹn kò kọ tútù, kò kọ gbígbẹ. Ògì, ata, ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà. Ẹni tó fẹ́ ta olóòlù fún mi búra pé kò sí ohun tí kì í lọ̀. Mo ní, "Ògì ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ sá àgbàdo yẹn gbẹ dáadáa kí ẹ tó dà á sí i." Mo ní ṣé kí ìyàwó mi rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta, kó tún wá sá a gbẹ, kí ẹ̀rọ má baà bínú ni? Ó ní àwọn obìnrin kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò tíì pàdé wọn.

Bí a ṣe fẹnu kò sórí oní-pléètì báyìí ni àwọn àgbà dé. Ọ̀kan ní Hunt ni ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń rọ ní Earls Colne ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́tipẹ́. Èkejì ní kí n ra Amuda ti Íńdíà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ pléètì. Ẹ́ńjìnnì ni tirẹ̀, Lister sì ni ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fọwọ́ sí. Lister 6/1 láti Dursley ló ń wí: agbára ẹṣin 6, ìyí 650 ní ìṣẹ́jú kan, ó wúwo ju 300 kílò lọ, àgbá omi kan dúró tì í tí omi inú rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀ láti fi tù ú lára. Bàbá ní, "Gbìn ín sílẹ̀ lónìí, ọmọ ọmọ rẹ á bá a níbẹ̀." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, láti 1987 ni wọn ò ti ṣe é mọ́ níbẹ̀. Àwòkọ rẹ̀ tí wọ́n ń rọ ní Rajkot, ní Íńdíà, ló kù." Ó wò mí títí, ó ní kí n wá a dáadáa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Kùtọnù ní kí n fi àwọn arúgbó sílẹ̀, S195 ti Ṣáínà ni kí n rà: sìlíńdà kan, agbára ẹṣin 12, ìyí 2,000. Ẹlòmíràn ní kí n lọ sí Songhaï ní Àjàṣẹ́, ibùdó tí Fáda Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, pé wọ́n máa ń ṣe irinṣẹ́ àgbẹ̀ fúnra wọn. Wẹ́dà òpópónà wa gbọ́, inú bí i. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀ tí òun ò lè ṣe? Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ níwájú mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mo ní, "Pàtírọ́ọ̀nù, níbo ni pléètì máa wà?" Ó fi ẹsẹ̀ nu apá kan kúrò, ó tún un yà.

Gbogbo ìwọ̀nyí kò tíì dé orí iná. Mọ́tò tó lè fa irú ẹ̀rọ yìí dáadáa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára ẹṣin 10, ìyẹn kílówáàtì 7.5, irú rẹ̀ sì ń fẹ́ trífàsé. Mónófàsé ló wọ ilé mi. Mo lọ béèrè ní ọ́fíìsì tó yẹ. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n san owó òpó. Mo ní òpó wo? Wọ́n ní èyí tó máa gbé wáyà dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní òpó kan ti wà níwájú ilé mi. Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka tọ ìlà, ó ní kò sí òpó níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ayé ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó tí kò sí nínú ìwé yìí kọjá, ìgbà mìíràn mo tilẹ̀ máa ń fẹ̀yìn tì í.

Ó wá ku epo. Ẹ sì mọ epo wa, àwa tí ẹnubodè wà lẹ́yìnkùlé wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu gba ìjọba ní Àbújá, ó sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí. Gbólóhùn kan péré ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́ inú ìgò tó wà lójú títì wa, gbé owó gun òkè. Èmi kò dìbò ní Nàìjíríà o! Lóòótọ́, dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì mi ń mu, kì í mu bẹntiróòlù; ṣùgbọ́n zẹ́mìjàn, ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ wá irinṣẹ́, òun ló ń mu. Àwọn ẹlẹ́rọ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ní kí n má tíì ké. Wọ́n ní kí n bi àwọn léèrè ohun tí ojú àwọn rí nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019, tó di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, tí bíárìn tó wà ní Ìdí-Ìrókò níbẹ̀ yẹn di ohun tí à ń gbàdúrà fún.

Mo ra ẹ́ńjìnnì, ti Ṣáínà. Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ púlì. A kọ ọ́ sára ẹ̀rọ mi pé ìyí 600 ní ìṣẹ́jú kan ni kó máa yí. Ẹ́ńjìnnì ń yí 2,000, púlì tó wà lára rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é: ẹ sọ 2,000 di ìlọ́po 15, ó di 30,000, ẹ fi 600 pín in, ó jẹ́ 50. Púlì sẹ̀ǹtímítà 50 ló yẹ kó wà lára ẹ̀rọ. Ẹni tó ń ta púlì gbé ti 20 fún mi, ó ní òun náà ni gbogbo ayé ń lò. Ẹ fi 20 pín 30,000 kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ìyí 1,500! A tan ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rọ pariwo, àwọn adìyẹ àdúgbò gba inú igbó lọ. Ìyẹ̀fun tó jáde gbóná débi pé ìyàwó mi kò lè mú un lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí ohun tó jóná. Mẹkáníìkì bu díẹ̀ sẹ́nu, ó ní, "Kò burú, Bàbá, ó kàn ti jinná díẹ̀ ni."

A ra púlì ńlá. Bẹ́líìtì ti àkọ́kọ́ wá kúrú. Ẹ kò mọ̀ pé bẹ́líìtì ní lẹ́tà, ó sì ní nọ́ńbà; B ni tèmi, gígùn rẹ̀ ló wà lẹ́yìn lẹ́tà náà. Ojú ihò méjì ló wà lára púlì, bẹ́líìtì méjì ló sì ń gbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba. Bí ọ̀kan bá já, àwọn méjèèjì ni wọ́n ní kí ẹ pààrọ̀, nítorí pé èyí tí a ti lò tí ó ti nà kò lè bá tuntun fa iṣẹ́ kan náà. Mo bi wọ́n pé kí ni ìkejì ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Ó bá a lọ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, kankéré. Ẹ ò lè gbé ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n báyẹn sórí ilẹ̀ lásán. Ihò jíjìn ni, òkúta, sìmẹ́ǹtì, àwọn bóòtù gígùn tí a rì sínú rẹ̀, kí ẹ tún dúró kó gbẹ kí ẹ tó fi nọ́ọ̀tì dè é. Sáílẹ́ńsà ní láti gba òrùlé jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfín á máa bá àwọn oníbàárà tò. Sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu kò sí nínú èyí tí mo ní. Gíríìsì. Ẹnu páànù tí a ń da àgbàdo sí, èyí tí wẹ́dà wa fi tayọ̀tayọ̀ jó pọ̀, tí ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ.

Pléètì tuntun ló fi ṣe àṣekágbá. Òjò irin wẹ́wẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jáde láàárín wọn, nítorí náà èérí àgbàdo ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ̀, ẹ ó sì dà á nù. Èyí tí a kọ́kọ́ lọ̀ dúdú. Mo gbé òkúta òòfà tí mo yọ lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn àtijọ́ kan kọjá lórí rẹ̀, ó hu irùngbọ̀n lójú mi. A tún ní láti máa ṣọ́ ọ kí pléètì méjèèjì má fi ara kanra nígbà tí kò sí nǹkan láàárín wọn, torí wọ́n á jẹ ara wọn, irin náà á sì bọ́ sínú ọkà ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n sì ń gbó o! Bí wọ́n bá ti dán, ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹ ti mọ iye tí ẹ máa rà: méjì-méjì ni gbogbo nǹkan ilé yìí ń kú.

Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo dúpẹ́. Ìyá kan lọ ata tán, kò jẹ́ ká fi omi ṣàn án kó tó lọ, pé òun ń kánjú. Ìyàwó mi da ògì lé e lórí. Àwọn tó jẹ ẹ̀kọ lọ́jọ́ kejì mu omi gidi. Àwọn olùdámọ̀ràn mi abẹ́ igi gbọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kékeré ni: kí n ra ẹ̀rọ kejì fún ata. Àkókò yẹn náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé fáìlì dání wá wo ilé ẹ̀rọ, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ẹ wò ó, orúkọ tèmi tètè wọ inú ìwé ìjọba, òpó iwájú ilé mi ni kò rí i wọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ kọ gbogbo rẹ̀ sójú kan: ẹ̀rọ, ẹ́ńjìnnì tó tó o fà, púlì méjèèjì àti ìwọ̀n wọn, bẹ́líìtì àti nọ́ńbà rẹ̀, bóòtù, pléètì àfikún. Kó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó kọ iye sísàlẹ̀. Bí àyà mi bá máa já, kó já lẹ́ẹ̀kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí àga wà.

Ní ti àwọn èèyàn mi tó máa ń gbé bàsíà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, tí wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti ilé nìyí o," mo ti kọ ọ́ sára ògiri. Ẹbí, àna, aládùúgbò: ọ̀fẹ́ ni fún yín títí ayé. Kí olúkúlùkù sáà mú bẹ́líìtì wá, lẹ́tà B, méjì, kí wọ́n gùn dọ́gba.