Bí Mo Ṣe Sọ Ẹgbẹ́ Obìnrin Di Aláró

Bí ẹ bá gbọ́ pé ìgbìmọ̀ obìnrin ìjọ kan jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú lórí ètò rìtíríìtì, ẹ má rò pé àdúrà ni wọ́n ń jíròrò. Aṣọ ni. Tiwa náà kò yàtọ̀. Àkòrí ìpàgọ́ kò gbà wá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: a mú un láti inú ìwé Àìsáyà, orí kìíní, ẹsẹ kejìdínlógún, níbi tí Olúwa ti ṣèlérí láti sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó pọ́n di funfun. Gbogbo ilé ní àmín. Ìgbà náà la wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gan-an: àǹkárá ni àbí àdìrẹ, ta ni yóò bá wa rà á, ta ló ṣì jẹ gbèsè aṣọ èṣí.

Èmi ni alága ìgbìmọ̀ yẹn. Kì í ṣe pé mo mọ ètò í ṣe. Ẹnu mi ló kó mi sí i. Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípàdé kan, Ìyá Ìjọ sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ tó báyìí, kó wá mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti ka oríṣiríṣi nípa àwọn obìnrin òkè òkun tí wọ́n máa ń lọ síbi tó pa rọ́rọ́, tí wọn kì í fọwọ́ kan fóònù, tí wọn kì í sọ̀rọ̀, tí wọn yóò kàn jókòó sétí omi máa ṣàṣàrò. Mo ní irú rẹ̀ gan-an ni tiwa máa jẹ́. Mi ò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn bóyá ó wù wọ́n láti dákẹ́.

Ibi tí a ó lọ kò fa ariwo. Ìkògòsì ní Èkìtì ni, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú igbó, tí wọ́n á wá ṣàn pàdé nísàlẹ̀, tí èèyàn lè ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí tó lọ́wọ́ọ́rọ́ kó ki èkejì bọ èyí tó tutù. Láti nǹkan bí ọdún 1952 tí òyìnbó ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi kan, John McGee, ti débẹ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń fi ibẹ̀ pàgọ́. Mo sáré san owó àsansílẹ̀ fún ilé àlejò kan nítòsí ibẹ̀ nígbà tí ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Jímọ̀ 14 sí Sọ́ńdè 16, oṣù kẹfà, ọdún 2024. Wọ́n ní owó náà kò ṣeé gbà padà o. Mo ní kò séwu.

Ewu wà. Oṣù karùn-ún ni Ìyá Ìbejì dìde nípàdé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó wá béèrè pé, “Alága, ẹ má bínú mà. Àgbò náà ńkọ́, ṣé Ìkògòsì la ó máa mú un bọ̀ ni?”

Iléyá! Bí oṣù bá lé bí wọ́n ṣe ń retí rẹ̀, Sọ́ńdè yẹn gan-an ni. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé kò sí onígbàgbọ́ tó lè ní òun kò bá wọn dá sí Iléyá. Ilé ìmàle ni wọ́n gbé Ìyá Ìbejì níyàwó. Òun ni ìyá ọkọ rẹ̀, Alhaja, fọkàn tán láti dín ẹran. Ààfáà ni bàbá Akápò wa. Ìdajì akọrin ló ní ibi tí wọ́n ń lọ jẹran. Mo ṣì ń wá ohun tí màá sọ nígbà tí Akápò gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀, ó ní Sọ́ńdè kan náà tún ni Ọjọ́ Àwọn Bàbá.

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún tí ẹgbẹ́ ọkùnrin ń kọrin níwájú ìjọ, tí wọ́n ń jó, tí àwọn ìyàwó wọn ń se ìrẹsì dè wọ́n lẹ́yìn ìsìn. Mo ti kó gbogbo alásè lọ sí Èkìtì.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ èèyàn. Alhaja gbà pé tí ìyàwó òun bá ti lè padà dé lọ́sàn-án Sọ́ńdè, kò burú, torí ìjọba sábà máa ń fún wa ní ìsinmi lẹ́yìn ọdún, ẹran kò sì lè tán lọ́jọ́ kan. Àwọn ọkùnrin ìjọ ní tiwọn kò jà. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ẹni tó bá ti lọ́kọ mọ bí “mo ti gbọ́” ṣe máa ń wúwo tó.

Àdìrẹ ló borí nínú ọ̀rọ̀ aṣọ, mo sì gbéra lọ sí Ìtokú ní Abẹ́òkúta fúnra mi kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó lé e. Mo débi tí wọ́n ti ń pa á láró, mo rí àwo ńlá tí wọ́n po aró sí pẹ̀lú kòósítìkì, àti bí aṣọ ṣe máa ń jáde láìtíì dúdú tán, tí atẹ́gùn á fẹ́ sí i, tí àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jinlẹ̀ lójú ẹni. Ìyá tó tà á fún mi fọwọ́ aláró rẹ̀ na aṣọ náà sí mi, ó ní, “Màmá, aró tuntun ni o. Kí wọ́n fi iyọ̀ rẹ ẹ́ sómi, kí wọ́n ṣàn án títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.” Mo wà lórí fóònù, mò ń ná gèlè. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí mo délé, mo kọ iye owó ránṣẹ́ sí wọn, mo kọ nọ́ńbà àkáǹtì, mo kọ bí wọ́n ṣe máa rán an, mo kọ irú yẹtí tó bá a mu. Iyọ̀ nìkan ni mi ò kọ.

Ọjọ́ ìrìn àjò pé, a gba Ifẹ̀, a gba Iléṣà, ó sì yẹ ká gúnlẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ọkọ̀ ṣe dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìyá Ìjọ ní kí dírẹ́bà dúró. CAC ni wọ́n bí i sí kó tó lọ́kọ sí ìjọ tiwa, kò sì sí bó ṣe lè kọjá níbẹ̀ láìyà sí ibojì Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ìsọjí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè Ooyè, Iléṣà, ní 1930, tí wọ́n sì sin sí Ẹ̀fọ̀n ní 1959. Mo ní, “Mà, kò sí nínú ètò.” Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀. Ká sòótọ́, àdúrà tí àwọn obìnrin yẹn gbà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò darí, kò sí ọ̀kan nínú èyí tí mo tò sínú ìwé mi tó tó o. Ṣùgbọ́n òkùnkùn la fi wọ Ìkògòsì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo gba fóònù gbogbo wọn. Mo kó o sínú kúlà oúnjẹ kan, mo fi tèmi lé e, mo dé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Kúlà náà kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́. Orin ìyìn ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, àfi ọ̀kan tó jẹ́ fújì Barrister pọ́ńbélé. Nígbà tí mo máa ṣí i láàárọ̀, fóònù Ìyá Ìjọ ni. Ó ní ọmọ ọmọ òun ló fi síbẹ̀.

Èyí tí mi ò mọ̀ ni pé ọkọ ẹnìkan nínú wa ń pè é láti alẹ́ láti mọ̀ bóyá ó gúnlẹ̀. Kò gbé e. Ìròyìn ajínigbé ojú ọ̀nà sì wà nílẹ̀. Ó pe alága ẹgbẹ́ ọkùnrin, ìyẹn pe ìyàwó tirẹ̀, kò gbé e. Ó pe pásítọ̀, pásítọ̀ pè mí, inú kúlà ni mo wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọkùnrin ti kóra jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ṣe ìṣọ́ òru nítorí wa. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ rí nínú ẹgbẹ́ náà.

Sátidé ni mo fi ṣọjọ́ ààwẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán ló yẹ ká ṣínu. Àmọ́ mo ti bá obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wa dá aago méjìlá kí n tó ronú kan ààwẹ̀, mi ò sì padà pè é. Bẹ́ẹ̀ Èkìtì la wà. A jókòó lábẹ́ igi, a dijú, kò sẹ́ni tó gbin, àfi odó tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé: gbì-gbì, gbì-gbì. Mo la ojú kan, mo rí i pé orí gbogbo wọn ti ń bá ọmọ odó lọ sókè sódò. Lẹ́yìn náà ni òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dé. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Alága, ṣé ẹ mọ̀ pé òní ni Áráfà? Ìyá ọkọ mi náà ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Inú wọn á dùn tí wọ́n bá gbọ́.” Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ parí síbẹ̀. Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ti wákàtí mẹ́ta ni mi ò tíì gbọ́ pé ó jó ẹnìkan rí. Ìyá Ìjọ ní Ọlọ́run tó wà lórí ìtẹ́ ní aago mẹ́ta wà níbẹ̀ ní aago kan. A jẹun.

Ìrọ̀lẹ́ la lọ sídìí omi láti ya fọ́tò, gbogbo wa nínú aṣọ ẹgbẹ́. Ẹsẹ̀ nìkan ni mo ní ká tẹ̀ bọ omi. Ta ló máa gbọ́ tèmi lẹ́yìn iyán? Wọ́n bọ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́rọ́ náà tọmọdé tàgbà, wọ́n jókòó dé àyà, wọ́n ń bomi sára wọn. Àwọn tó gbé jálá wá ń bu ti ọkọ àti ọmọ sínú rẹ̀. Mo rí i tí omi tó yí Akápò ká ń dúdú. Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ìyá Ìtokú wá sọ sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀.

Ó bá ọwọ́, ó bá ẹsẹ̀, ó bá ọrùn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé omi tó ń ṣàn ni. Ìyá Ìbejì wo apá rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ẹsẹ tí a kà yẹn, ṣé kì í ṣe funfun ló ní a máa fún?” Ìyá Ìjọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní láti fà á jáde nínú omi. Àwa tí mo kó wá síbẹ̀ pé ká wá dákẹ́!

Gbogbo wa wẹ̀, a fi kànrìnkàn ha ara, a lọ sùn. Bẹ́díṣíìtì ilé àlejò náà funfun báláú. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, máníjà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí n bá òun ka yàrá wò. Lórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ni àwòrán ẹni tó sùn síbẹ̀ wà kedere, títí kan ibi tí ẹnìkan fọwọ́ rọrí. Mo sanwó wọn lápò ara mi. Ó di wọ́n sínú àpò ìrẹsì kan, ó ní kí n máa gbé wọn lọ, mo ti rà wọ́n.

A dé ilé lọ́sàn-án, Ìyá Ìbejì sì bá ẹran nílẹ̀. Ẹ̀wà Àgọ̀yìn àti búrẹ́dì ni àwọn bàbá fi ṣe ọjọ́ wọn, wọn kò sì jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀ di báyìí.

Nígbà tí Akápò ka ìṣirò owó nípàdé, ó béèrè ohun tí “bẹ́díṣíìtì” ń wá nínú rẹ̀. Mo lọ gbé àpò náà wá, mo tú u sílẹ̀ láàárín ilé. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń nà án sójú oòrùn, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ta ló nìdí èyí. Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti rà á tán bí àdìrẹ, owó mi sì pé. Ìyá Ìbejì ra méjì. Ó ní iṣẹ́ ara rẹ̀ dára ju ti aṣọ ẹgbẹ́ lọ.