Aṣọ Kún Àpótí, Àkísà Ò Sí

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìpàdé ẹbí ni òwe yìí ti máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò á dìde, á máa kọ́ àwọn bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pín ogún. Bàbá kan á húkọ́, á pa òwe náà, ọmọ á sì wábi jókòó. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Aṣọ ṣeé rà lọ́jà, àkísà kò ṣeé rà. Wíwọ̀, fífọ̀ àti ọjọ́ orí ló ń sọ aṣọ di àkísà, kò sì sí ọlọ́jà tó ń ta ọjọ́ orí.

Ṣùgbọ́n ayé òde òní fẹ́ dójú ti òwe. Ẹ dúró ní ibùdókọ̀ Ìgàndó ní Èkó lọ́sàn-án Sátidé, ẹ ó rí ọmọ ogún ọdún nínú sòkòtò jíǹsì tó ya lórúnkún, tó tún ya nítan, tí òwú ń yọ lára rẹ̀. Ẹ má káàánú rẹ̀. Títun ló rà á, ó sì lè wọ́n ju èyí tó pé lódindi lọ. Ọmọdé ti rí àkísà rà. Àgbà tó bá fẹ́ pa òwe níwájú rẹ̀, kó kọ́kọ́ bojú wo orúnkún.

Irú àkísà kan ló ṣẹ́kù tí owó kò tíì ká: èyí tó wà lábẹ́ tábìlì télọ̀. Apá bùbá tó kúrú ju èkejì lọ, ọrùn aṣọ tí wọ́n gé jù, ègé ańkárá tí abẹ́rẹ́ ti gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Télọ̀ kì í fi wọ́n han oníbàárà, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ ìsinsìnyí ni pé a fẹ́ aṣọ télọ̀, a fẹ́ ẹ̀rọ télọ̀, a fẹ́ kí wọ́n máa yìn wá bí wọ́n ṣe ń yin télọ̀, a kò fẹ́ àkísà rẹ̀.

Ibi tí èyí ti ń hàn jù ni dáàtì, ìṣẹ́po tí télọ̀ ń rán sínú aṣọ kó lè bá ara mu. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan wà ní Alímọ̀ṣọ́, àgbègbè Ìgàndó yẹn, tí wọ́n ti pinnu pé àwọn á máa rán aṣọ ara àwọn. Wọn ò fi ṣòwò, ó kàn wù wọ́n ni. Ìpinnu dáadáa ni, àwọn télọ̀ náà ló sì tì wọ́n dé ibẹ̀. Télọ̀ tó ní kí ẹ wá gba aṣọ ní Fráídé kì í sọ Fráídé oṣù wo.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú wọn, ká pè é ní Màdáàmù Aláìráyè. Ìgàndó ló ń gbé, Áílàǹdì ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti wà ní ibùdókọ̀; nígbà tó bá fi máa wọlé lálẹ́, àwọn ọmọ ti sùn. Àìráyè rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà láàárín Ìgàndó àti Ìkọ̀tún kò ní bú u. Ohun tó ń fi ìwọ̀nba àyè tó ní ṣe ló ń pani lẹ́rìn-ín.

Ó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ. Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ tí kò nílò iná kò tó o, ó ní ti ilé iṣẹ́ ńlá lòun fẹ́, oní-mọ́tò, èyí tó máa ń dákẹ́ lọ gbári bí NEPA bá ti mú iná. Ó ra sísọ́ọ̀sì mẹ́ta, ó ra rúlà wíwọ́, ó ra ère obìnrin tí kò lórí, ó gbé e sí pálọ̀. Àwọn ọmọ ń sá fún un lóru. Ìgbà tí gbogbo ẹrù pé ló wá kó fídíò sórí fóònù.

Ìṣẹ́jú kan ni fídíò kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kan á yọ, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì, ẹ̀rọ á kùn, áyọ́ọ̀nù á kọjá, dáàtì ti jókòó. Kí danfo tó jáde ní Ìkọ̀tún, Màdáàmù ti rí ọgbọ̀n èèyàn tó rán dáàtì láìṣìnà. Ó gbà pé òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n tán. Ìṣẹ́jú kan ni fídíò, ọdún mẹ́wàá ni ọwọ́ inú rẹ̀. Àkísà ọdún mẹ́wàá yẹn ni ẹni tó ya fídíò gé sọnù.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fẹ́ sìnkú ìyá. Aṣọ ẹbí jáde, ańkárá yáàdì mẹ́fà. Sátidé ni òde. Tọ́sìdé lálẹ́ ni Màdáàmù gbé aṣọ lọ bá télọ̀ àdúgbò.

“Ọ̀gá télọ̀, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń rán dáàtì hàn mí, kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.”

“Ẹ káalẹ́, mà. Ẹ mú àkísà wá ká fi dán an wò.”

“Àkísà kẹ̀? Aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ́túnla ni mo mú wá.”

“Ẹ má ṣèyọnu, mà. Òun náà máa tó di àkísà.”

Dáàtì kéré lójú, iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré. Aṣọ tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Dáàtì ló ń bá wọn parí ìjà. Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ po sí igun mẹ́ta, wọ́n á rán an láti ibi tó ti fẹ̀ lọ sí ṣóńṣó, aṣọ á sì fẹ̀ gba àyà, á fún mọ́ ìbàdí. Ańkárá kì í fà, nítorí náà kaba rẹ̀ tó bá fún mọ́ra ṣòroó jókòó dáadáa láìsí dáàtì.

Ṣóńṣó yẹn ni wàhálà wà. Télọ̀ á wọn ara láti èjìká dé orí ọmú, á tún wọ̀n láti orí ọmú kan sí èkejì, kó lè mọ ibi tí àyà ti yọ jù. Ṣóńṣó dáàtì kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Nǹkan bí ínṣì 1 ló máa ń ṣẹ́kù. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń sún mọ́ ìparí, rírán mẹ́ta-mẹ́rin tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ máa gba etí ibi tí aṣọ ti ṣẹ́ po gan-an, títí abẹ́rẹ́ á fi yọ́ bọ́ kúrò lára aṣọ. Wọn kì í rán padà sẹ́yìn níbẹ̀. Òwú tó bá kù ni wọ́n ń fi ọwọ́ ta ní kókó. Ìgbà náà ni áyọ́ọ̀nù kàn. Dáàtì tó wá láti ẹ̀gbẹ́ àyà á kọjú sísàlẹ̀, ti ìbàdí á kọjú sí àárín. Orí táwẹ́lì tí wọ́n ká ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, nítorí àyà èèyàn kì í ṣe tábìlì.

Fídíò Màdáàmù sọ gbogbo èyí, ó sì yára sọ ọ́. Màdáàmù náà yára gbọ́ ọ. Lóru Fráídé, ó rán dáàtì kọjá orí ọmú, ó tẹ ẹ̀rọ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè le dáadáa, òwú sì fa ṣóńṣó aṣọ jọ. NEPA mú iná kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó bọ́ sójú agbo níwájú onílù, àfi bí ìwo ìgbín méjì tó ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó fi ìborùn bò wọ́n nínú ooru títí òde fi túká. Fọ́tò tó gbé sórí WhatsApp, láti ọrùn lọ sókè ló ti yà á.

Àwọn ìyá wa ò mọ wàhálà yìí. Bùbá kò ní dáàtì, ìró kò ní. Aṣọ òfì wá ní pẹ́lébé bí ínṣì 4 ní fífẹ̀, wọ́n á rán an mọ́ra wọn, ó di aṣọ. Ọwọ́ ló ń fún ìró mọ́ ìdí, ọwọ́ náà ló ń dẹ̀ ẹ́. Obìnrin tó bá sanra láàárín Àjíǹde àti Kérésì á kàn tú ìró, á tún un ró, àṣírí á bò. Kaba àti síkẹ́ẹ̀tì ló gbé dáàtì dé, dáàtì kì í sì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá mọ ìtàn aṣọ ní Èkó á rántí aránṣọ tó tún ìró náà ṣe, Shade Thomas-Fahm. Ilé ẹ̀kọ́ St Martin's ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní àwọn ọdún 1950, ó padà sí Èkó ní 1960, ó sì ṣí ilé ìtajà aṣọ tirẹ̀. Ó mú ìró, ó fi síìpù sí i. Ó mú gèlè, ó wé e sílẹ̀ tán, kí obìnrin tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ lè kó wọn wọ̀ kó máa lọ. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó rán aṣọ fún àwọn tó ń kánjú, òun fúnra rẹ̀ kò fi ìkánjú kọ́ṣẹ́. Láti 1851 tí Isaac Singer ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ ti ń dín àsìkò rírán kù. A ò tíì rí èyí tó dín àsìkò kíkọ́ kù.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí Màdáàmù. Kò ṣòro láti rí pátákó tó ń ṣèlérí pé ẹni tó wọlé lónìí á di ọ̀gá láàárín oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta á pé, wọ́n á ṣe fíríìdọ̀mù, ìrẹsì á jinná, ọ̀gá tuntun á gbé sẹ́tífíkéètì sáyà, wọ́n á yà á ní fọ́tò. Kaba tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, télọ̀ mìíràn ló bá a rán an.

Ká má sì parọ́ ire mọ́ àwọn ọ̀gá àtijọ́. Ọmọṣẹ́ tó lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn, ó lè fi ọdún kan gbálẹ̀, kó fi pọnmi, kó fi mú ọmọ ọ̀gá lọ síléèwé. Pípẹ́ nìkan kò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Iye aṣọ tí ọwọ́ bá bà jẹ́, tó tú, tó tún rán, òun ló ń kọ́ni.

Ìròyìn ayọ̀ nìyí fún ẹni tí kò ráyè, torí àkísà kò béèrè odindi ọjọ́. Dáàtì kan lórí ègé aṣọ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, tòun ti lílọ̀ rẹ̀. Àwọn télọ̀ Ìgàndó ń da ègé ańkárá nù lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fi ọ̀wọ̀ tọrọ á rí gbà, kó tó di ti ààtàn. Ẹni tó bá fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kó lọ sí ọjà Katangowa ní Abúlé Ẹ̀gbá, kó ra kaba òkìrìkà kan. Kó tú dáàtì kan nínú rẹ̀, kó lọ̀ ọ́ kó tẹ́, kó wo ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà àti ibi tó dúró sí. Kó wá rán an padà pẹ̀lú òwú àwọ̀ mìíràn, kí àṣìṣe lè hàn ketekete. Kó fi dáàtì kejì sílẹ̀ láìtú, kó máa fi wé ti ọwọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ síkẹ́ẹ̀tì ló rà, kó wọn dáàtì iwájú àti ti ẹ̀yìn. Á rí i pé ti ẹ̀yìn sábà máa ń gùn jù, nítorí ibi tí ìdí ti yọ jù wà nísàlẹ̀ ju ibi tí ikùn ti yọ jù lọ. Ọwọ́ tó bá ti tú u rí kì í gbàgbé.

Mọ́ńdè, dáàtì kan. Wẹ́sìdé, òmíràn. Ẹ má tíì gé kaba, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ déètì sára àkísà kọ̀ọ̀kan, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá. Bí ẹ bá tẹ́ ti oṣù kìíní sí ẹ̀gbẹ́ ti oṣù kẹta, ojú yín ni yóò sọ fún yín bóyá ọwọ́ ti ń mọ̀ ọ́n.

Màdáàmù Aláìráyè á ní òun ò ráyè èyí náà. Kò sẹ́ni tó lè ránṣọ nínú danfo, òótọ́ ni; kòtò ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ti tó kí abẹ́rẹ́ fi gún èrò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò tó ń wò lórí bẹ́ẹ̀dì títí di aago méjìlá òru, ogún ìṣẹ́jú wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹni tó bá rò ó síwá sẹ́yìn, tó rí i pé òun ò lè gba àkísà mọ́ra, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa kọ́ la máa di télọ̀. Kó ta ère tó wà ní pálọ̀, kí àwọn ọmọ lè sùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má fi aṣọ ẹbí kọ́ dáàtì. Ẹ tètè gbé e fún télọ̀, ẹ san ìdajì owó sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó sọ Fráídé oṣù tó ń wí.