Alága Nìkan Ló Kù

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, àwọn obìnrin mẹ́ta wọ ọgbà Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ń sunkún kíkorò. Alága fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ẹnu rẹ̀ sì kún fún mọ́ín-mọ́ín. Èyí tó ṣáájú nínú wọn ti ké "Yéè!" kó tó rí i pé ẹni tí òun wá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ló dúró níwájú òun. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Àwọn méjì yòókù sá padà sí títì, bàtà ẹnì kan sì wà lẹ́nu géètì yẹn títí di ọ̀sán.

Ìwé kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ló tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ Jímọ̀, tó fi í sórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ owó transfọ́mà ni, ìlà tó kẹ́yìn sì lọ báyìí: "Gbogbo onile ti san tiwon, Alaga nikan lo ku."

Ohun tí Akọ̀wé ní lọ́kàn ni pé Alága nìkan ló kù tí kò tíì san. Ohun tí àdúgbò kà ni pé Alága nìkan ló kú. Ẹnì kan tilẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ní ṣé jàǹbá ọkọ̀ ni, torí "nìkan" yẹn fi hàn pé orí kó àwọn tó kù yọ.

Èyí kọ́ sì ni àkọ́kọ́. Lóṣù tó kọjá, Akọ̀wé kọ ọ́ sí wa pé "E ma da ile si gota." Àwọn ayálégbé tó wà nílé kejì sí tèmi kà á sí "Ẹ máa da ilẹ̀ sí gọ́tà", wọ́n sì gbọ́ràn bí ọmọ ogun. Nígbà tí omi kún títì tí a lọ bá wọn, ọ̀kan nínú wọn yọ fóònù jáde, ó ní ìwé àṣẹ àwọn nìyí.

Ohun tó mú inú bí mi jù ni pé tíṣà ni Akọ̀wé yìí. Òun ló kọ́ mi ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹgba mẹ́fà ló fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ "ọkọ́" láìfi àmì sí i, ó ní bí mo bá dàgbà, n ó rán ìyàwó mi lọ sóko kó lọ fi ọkọ ro ilẹ̀. Mo ṣì rántí ẹgba kẹrin dáadáa.

Mo lọ bá a nílé. "Tíṣà," ni mo ní, "àmì ohùn dà?"

"Kò sí lórí kọ̀ǹpútà," ló dá mi lóhùn. "Òyìnbó ló ṣe é. Òyìnbó ò sì ro ti Yorùbá."

Ó yẹ kí n sọ bí kọ̀ǹpútà náà ṣe rí, torí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló yẹ kó wà. Tòkunbọ̀ ni, láti Jámánì. Lórí kíbọ́ọ̀dù àwọn ará Jámánì, Z ló wà níbi tí àwa mọ̀ sí Y, Y ló sì wà níbi Z. Ẹni tó tún un ṣe kó tó tà á fi ètò Amẹ́ríkà sínú rẹ̀, ó fi bọ́tìnì Jámánì sílẹ̀ lóde. Bí Tíṣà bá tẹ Y, Z ni yóò jáde. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, gbogbo ìwé ẹgbẹ́ wa ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "A ki zin o". Àmì @ tí à ń fi sínú àdírẹ́sì í-meèlì wà lára bọ́tìnì Q gẹ́dẹ́gbẹ́, àmọ́ bí o bá tẹ̀ ẹ́ títí di ọ̀la, kò ní í jáde. Orí 2 ló ti ń yọ. Tíṣà ní ẹ̀mí kan ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ó sì ti fi òróró pa á lẹ́yìn.

Ìṣẹ́jú kan tó láti tún ìyẹn ṣe nínú Settings. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò wọ Settings. Computer Village ní Ìkẹjà ló wọ bọ́ọ̀sì lọ, ó ra kíbọ́ọ̀dù mìíràn, ó sì gbé e lé orí ti àkọ́kọ́ bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ pọ̀n. Kíbọ́ọ̀dù tuntun yìí wá jókòó lé touchpad, ibi pẹlẹbẹ tí à ń fi ìka rà lábẹ́ bọ́tìnì, ni ọfà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri ojú kọ̀ǹpútà bí adìyẹ ọjọ́ ọdún. Ibi kan wà tí èèyàn ti lè ní kí touchpad sùn nígbà tí máòsì bá ti wà lára ẹ̀rọ. Tíṣà gé páálí mílíìkì, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ máòsì ló le jù. Ọfà rẹ̀ lọ́ra débi pé kó tó ti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, Tíṣà á ti fa máòsì kọjá gbogbo tábìlì, á ti ti ife tíì ṣubú. Nínú Settings, ìlà kékeré kan wà tí wọ́n pè ní "Mouse pointer speed": wàá fi ìka sún un, eré ọfà á pọ̀ sí i. Kí ni Tíṣà ṣe? Ó pe kápẹ́ńtà. Mo fi ojú mi rí tábìlì náà. Ó gùn ju àga ìjókòó ẹlẹ́ni mẹ́ta lọ, wọ́n fi fáníìṣì kùn ún, ó ń dán. Igi ni Douglas Engelbart àti Bill English náà fi ṣe máòsì àkọ́kọ́ ní Kalifóníà ní 1964, táyà kékeré méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn yẹn gbẹ́ igi kí ọwọ́ má bàa rìn jìnnà. Tiwa gbẹ́ igi kí ọwọ́ lè ríbi rìn.

Ó tún ku ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà náà jẹ́ irú èyí tí ojú rẹ̀ ń gbọ́ ìfọwọ́kàn, àmọ́ Tíṣà kò mọ̀. Lálẹ́ Jímọ̀ yẹn, ó ti tẹ ìwé tán, ó fẹ́ tún un kà. Eṣinṣin kan bà lójú kọ̀ǹpútà, ó gbá a. Ibi tí eṣinṣin bà sí ni wọ́n ti ń fi ìwé ránṣẹ́. Bí a bá wò ó dáadáa, eṣinṣin ló pa Alága.

Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ: ẹni tó bí ọ ti ṣe tirẹ̀ parí, bí o kò bá mọ̀ ọ́n jó, ìwọ lo mọ̀. (Bí Tíṣà bá fi kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ òwe yìí, àìmọ̀ọ́jó á kú. Ì bá mà dára o.)

Ta ni kò tíì bímọ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther kọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1875, wọ́n péjọ sí Èkó nítorí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Òjé ni wọ́n fi ń rọ lẹ́tà nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ àmì lórí ẹ ní láti dúró kí wọ́n rọ ọ́, kí wọ́n tó ó, kí wọ́n fi táda kùn ún. Wọ́n sì dúró. Lónìí, Yorùbá wà nínú àwọn èdè tí kíbọ́ọ̀dù Windows mọ̀. Linux ní tirẹ̀. Gboard orí fóònù ní tirẹ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, wọ́n fi í lé aráyé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí èdè méjì bá ti wà nínú ẹ̀rọ, bọ́tìnì Windows àti àlàfo gígùn ìsàlẹ̀ yẹn ni wàá tẹ̀ pọ̀, o ti kọjá láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì.

N kò ní í dá ọmọ alágẹmọ nìkan lẹ́bi, ṣá. Alágẹmọ náà ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́. Nínú Unicode, tí í ṣe ìwé orúkọ gbogbo lẹ́tà ayé, ẹ ní ilé tirẹ̀, nọ́ńbà 1EB9 ni. Ẹ́ tó ní àmì lórí kò nílé. Wọ́n ní kí ẹ lọ háyà àmì níta, kí wọ́n jọ máa gbé. Ìdí nìyí tí àmì fi máa ń ṣí kúrò lórí ẹ nígbà mìíràn, tí yóò lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ayálégbé tí wọ́n lé jáde. Àwọn ará Vietnam tí wọ́n ń lo irú ẹ kan náà fi fìlà lé e lórí, ệ, wọ́n sì fún un ní ilé tirẹ̀. Ó dùn mí. Síbẹ̀, ẹni tó ń háyà sàn ju ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá lọ.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Tíṣà. Mo ṣí Settings, mo ṣí ibi tí èdè wà, mo sì fi ìka tọ́ka sí ìlà kan. Tíṣà sún mọ́ ọn.

"Yorùbá ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Yorùbá ni, sà. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí ẹ ti rà á."

Kò fọhùn. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Nígbà tí mo fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sí i tán, orúkọ bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, àmì lórí, àmì nísàlẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Gbogbo ìbínú tí mo gbé wọlé níbẹ̀ ló tú dànù.

Mo ti ń dìde kó tó ní kí n gbé fóònù mi wá. Ó ṣí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kọ ránṣẹ́ sí i látọdún tó kọjá, ó ń kà á sókè: "E kaaro sa. Mo n bo lola." Kò sí àmì kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Ìwọ náà?" ni Tíṣà wí. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé kò sí pàṣán nítòsí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìwé tuntun dé sórí WhatsApp, àmì pé pérépéré: "Alága kò kú o. Alága nìkan ló kù." Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Alága fi pè mí. Ó ní òun gbọ́ pé èmi ni mo tún kọ̀ǹpútà Tíṣà ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ṣé o lè dá a padà sí bó ṣe wà? Nígbà tí mo kú, kò sẹ́ni tó béèrè owó transfọ́mà lọ́wọ́ mi."