Ìlànà Méje fún Ẹni Tó Bá Fẹ́ Pa Ẹ́ńjìnnì Díísù

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin olówó tí kì í gbọ́ ti mẹkáníìkì, ẹ kú oríire. Ẹ ti ra Hilux oní-díísù, tàbí típà, tàbí tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì. Wọ́n sì ti sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì díísù kì í kú. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Láti ọdún 1897 tí Rudolf Diesel ti mú àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa ní Jámánì ni àgídí ti wà lára ẹ̀rọ yìí. Mercedes 911 tó ń kó pákó àti kòkó nígbà tí bàbá yín ṣì jẹ́ àpọ́n, ó ń bẹ lójú pópó títí dòní. Ẹ̀yin wá fẹ́ pa tiyín kó tó pé ọdún méjì. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ṣe é ṣe. Ẹ má wulẹ̀ gbé òòlù. Fílítà ni kí ẹ kọjú ìjà sí.

Ẹni tó fẹ́ jagun yẹ kó mọ ojú ogun. Ẹ́ńjìnnì díísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé bí nọ́sù bá ti fọ́n díísù sí i, iná sọ. Láti táńkì, díísù á gba inú fílítà bọ́ sí pọ́ńpù, pọ́ńpù á tì í lọ sí nọ́sù. Nínú ọkọ̀ ayé òde òní, agbára tí pọ́ńpù fi ń tì í lè tó bar 2,000, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ju bar 2 àti díẹ̀ lọ. Àlàfo tó wà láàárín irin àti irin nínú nọ́sù náà kò ju máíkírọ́ọ̀nù mélòó kan, nígbà tí irun orí yín kan ṣoṣo ń lọ bíi 70. Iyanrìn tí ojú yín ò lè rí ti tó láti bà á jẹ́. Fílítà ni asẹ́ ògì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gba èérí sára kí èérí má baà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ rí i báyìí pé òun gan-an ni ọ̀tá yín.

Ìkíní: Ẹ máa fi owó nìkan yan díísù. Lọ́dún 2024, lítà díísù kan ju ẹgbẹ̀rún náírà lọ. Kí lẹ wá ń wá lọ sí ilé epo? Ẹ lọ bá ọmọkùnrin tó to kẹ́ẹ̀gì sẹ́bàá títì. Kẹ́ẹ̀gì tó fi gbé epo pupa lánàá náà ló fi gbé díísù lónìí. Bó bá sọ pé inú igbó lápá Niger Delta ni wọ́n ti sè é, ẹ béèrè bóyá ó lè tún dínwó sí i. Bí wọ́n bá sì ti lu kẹrosíìnì mọ́ ọn, ìyẹn gan-an ló dára jù, torí pé díísù fúnra rẹ̀ ló ń mú kí irin inú pọ́ńpù máa yọ̀. Kẹrosíìnì á dín ìyọ̀ náà kù, irin á sì máa jẹ irin. Fílítà ò sì lè mú kẹrosíìnì.

Ìkejì: Ẹ má fọwọ́ kan omi. Omi wúwo ju díísù lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń tòrò sí. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ fílítà ni ìdérí kékeré kan wà tí àwọn olùṣọ́ra máa ń yí láti tú omi náà sínú ike kan. Iṣẹ́ tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ má ṣe é. Iná kan a sì máa tàn níwájú dírẹ́bà nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn bí omi bá ti pọ̀ jù. Ẹ pe rewáyà kó wá gé wáyà rẹ̀, kí ojú yín lè sinmi. Lálẹ́, ẹ rí i pé táńkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin á gba àyè tó ṣófo, òru á tutù, afẹ́fẹ́ náà á di omi sára irin, á máa kán sínú epo. Ibi tí omi àti díísù bá ti fara kanra, àwọn kòkòrò àìfojúrí a máa gbé ibẹ̀. Díísù ni wọ́n ń jẹ, ìdọ̀tí dúdú tó ń yọ̀ ni wọ́n sì ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ yín ò bá mówó wọlé mọ́, ẹ ṣáà ti di olùsìn ẹran.

Ìkẹta: Ẹ má pààrọ̀ fílítà títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ti sọ iye kìlómítà tí a ó rìn kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Òmíràn ní 10,000, òmíràn ní 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì máa ń fi kún un pé níbi tí eruku bá pọ̀, tí epo ò sì dára, kí a má dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìwé náà pọ́n ẹ̀pà. Nígbà tó bá yá, ọkọ̀ á máa pẹ́ kó tó ṣíná láàárọ̀. Agbára rẹ̀ á máa jò. Ẹ máa gun òkè Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ́jọ́ kan, tírélà tó kó màlúù á yà yín sílẹ̀, àwọn màlúù á sì máa wò yín lójú kọjá. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ má dá àwọn àgbà lóhùn. Ẹ bi ara yín léèrè pé ta ló ń ṣe yín. Ẹ lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Wòlíì á rí obìnrin pupa kan nínú ìdílé bàbá yín, á ní kí ẹ mú àbẹ́là méje wá. Ẹ tan àbẹ́là méjèèje yí ọkọ̀ ká, ṣùgbọ́n ẹ má tàn án súnmọ́ táńkì, nítorí kì í ṣe irú ikú tí à ń sọ nìyẹn.

Ìkẹrin: Ẹ jẹ fílítà níyà nítorí pé ó ṣiṣẹ́. Ibí yìí ni ọgbọ́n ìwé yìí wà. Mẹkáníìkì á tú fílítà jáde, ẹ óò rí i pé ó dúdú kirikiri. Gbogbo èérí tí ẹ ń wò yẹn, inú nọ́sù yín ló ń lọ kí fílítà tó dá a dúró. Ó dí nítorí pé kò jẹ́ kó kọjá. Ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní, “Ìwọ lo ń dá ọkọ̀ mi dúró!” Ẹ fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lọ fún fọganáísà, kó fi afẹ́fẹ́ táyà fọ́n ọn. Pépà inú rẹ̀ á ya níbi tí ẹ ò lè rí, díísù á sì máa ṣàn gẹerẹgẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dójú ẹ̀ á sọ fílítà nù pátápátá, á fi páìpù kan so pọ́ńpù mọ́ táńkì.

Ẹ óò wá rí ìyanu: ọkọ̀ á sáré! Òkè tó ń kọ̀ tẹ́lẹ̀, á gùn ún fùú. Ẹ pe mẹkáníìkì tó ní kí ẹ ra tuntun, kí ẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tètè ṣe é, torí pé yẹ̀yẹ́ náà kò ní pẹ́ rárá.

Ìkarùn-ún: Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun dandan, ojú ni kí ẹ fi rà á. Ẹ dé Ládípò ní Múṣin, tàbí Gate n'Ìbàdàn, ẹ má mú nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ dání. Ẹ ṣáà júwe rẹ̀: “Èyí tó rí roboto, tó pupa díẹ̀.” Bí ihò rẹ̀ bá ṣáà ti wọ sìkúrù, ó parí. Ihò pépà rẹ̀ lè fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta èyí tí nọ́sù yín nílò, bẹ́ẹ̀ ihò pépà kì í hàn lára páálí. Bí ọlọ́jà bá gbé mẹ́ta kalẹ̀, ẹ mú èyí tó fúyẹ́ jù.

Ìkẹfà: Ẹ fi ìdọ̀tí so ó. Ẹ má nu ibẹ̀ kí ẹ tó tú ti àtijọ́. Bí rọ́bà àtijọ́ bá lẹ̀ mọ́ irin lókè, ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹ gbé rọ́bà tuntun lé e. Méjì ṣáà ju ẹyọ kan lọ, àfi pé méjì ló ń jò. Ẹ bu díísù láti inú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ dà á sínú ihò àárín. Nínú ọ̀pọ̀ fílítà, ihò yẹn ni díísù tó ti mọ́ ń gbà jáde lọ sí pọ́ńpù, nítorí náà ẹ ti fi ọwọ́ ara yín rán èérí kọjá ẹ̀ṣọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ní kí a fi díísù pa rọ́bà, kí a fi ọwọ́ yí fílítà títí rọ́bà yóò fi kan irin, kí a wá fi bí ìdajì yíyí kan kún un. Ẹ̀yin ẹ mú sípánà tó gùn jù, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ti ògiri.

Ìkeje: Ẹ má yọ afẹ́fẹ́. Tí a bá pààrọ̀ fílítà, afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú páìpù, pọ́ńpù ò sì lè ti afẹ́fẹ́ bó ṣe ń ti díísù. Lórí ọ̀pọ̀ fílítà ni ohun kékeré kan wà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ títí yóò fi le. Ẹ fojú fò ó. Ẹ máa yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì yóò fi dákẹ́, kí sítátà sì bá a lọ.

Ibì kan wà tí ẹ̀fẹ̀ mi ò dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò lára páìpù nọ́sù. Díísù tó ń jáde pẹ̀lú agbára yẹn máa ń gún awọ wọlé, ojú ibẹ̀ sì lè rí bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún èèyàn lásán. Ẹni tó bá ṣe, ilé ìwòsàn ni kó lọ lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn ún. Ọkọ̀ la ní kí ẹ pa.

Bí ẹ bá tẹ̀lé gbogbo èyí, èéfín dúdú á kọ́kọ́ jáde, ẹ́ńjìnnì á máa kọ́ kóókóó, á sì dákẹ́. Mẹkáníìkì á wá ka nọ́sù mẹ́rin àti pọ́ńpù fún yín, kó tó fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ ná: owó nọ́sù kan ṣoṣo ì bá ra fílítà tí ẹ ó máa pààrọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó máa wá wọ́ yín kúrò lójú títì lọ́jọ́ náà, bàbá àgbàlagbà kan tó ń wa 911 ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Bàbá, kí lẹ lò sí ọkọ̀ yìí?” Á ní, “Mò ń tú omi abẹ́ fílítà láràárọ̀, ọmọ mi. Mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò.” Ẹ má gbà á gbọ́. Oògùn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, bàbá yẹn ò kàn fẹ́ fi hàn yín ni.