Ìka Tó Tọ́ Símú, Pásíwọ̀ọ̀dù Rẹ Dà?

Àwọn àgbà ní ìka tó tọ́ símú la fi ń romú. Wọn ò ní kí ìka kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀. Wọn ò ní kó fún imú ní ímeèlì, kó jókòó de kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà, kó tún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó gùn ju ojú irin Ọ̀fà sí Ìlọrin lọ. Àfi bí mo ṣe ra máòsì kan lóṣù tó kọjá. Bọ́tìnnì mẹ́sàn-án ló tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò máa ń sinmi sí. Àtàǹpàkò kan, iṣẹ́ mẹ́sàn-án! Bí èèyàn bá di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ru ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn ará àdúgbò á dá sí i.

Kì í ṣe ara mi ni mo rà á fún. Nítòsí Poly Ọ̀fà, iléèwé gíga tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, ọmọbìnrin kan wà tó ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìpè ìyàwó, ìwé ìsìnkú àti ìbéèrè ìdánwò Yorùbá kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti di ti Yorùbá, yóò ṣí fáìlì kan tó pè ní ABD. Ẹ, ẹ́, ẹ̀, ọ, ọ́, ọ̀, ṣ, gbogbo wọn tò síbẹ̀ bí ọmọ iléekéwú. Èyí tó bá fẹ́ ni yóò mú níbẹ̀, yóò sì lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ. Mo wò ó títí, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní màá gbà á sílẹ̀, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lára máòsì. (Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀rọ dání tó ní òun fẹ́ gbà yín sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.)

Ẹ̀bi ọmọbìnrin náà kọ́. Kíbọ́ọ̀dù iwájú rẹ̀, ọmọ-ọmọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Sholes ni, èyí tí iléeṣẹ́ Remington gbé dé ọjà ní 1874 fún àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1875 ni àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò fìwé pe ẹnì kejì.

Àwọn ọmọ wa ò kúkú káwọ́ gbera. Iléeṣẹ́ LANCOR, ti Adé Oyègbọ́lá, ṣe kíbọ́ọ̀dù kan tí wọ́n pè ní Konyin, tó ní bọ́tìnnì shift mẹ́rin kí àmì wa lè ráyè. Ní 2007, wọ́n gbé àwọn elétò One Laptop Per Child lọ sí kóòtù l'Ékòó pé wọ́n jí ọgbọ́n àwọn lò. Ìka ò tíì dé ihò imú, ó ti dé iwájú adájọ́. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ará YorubaName náà gbé ètò ìtẹ̀wé Yorùbá àti Ìgbò síta, ọ̀fẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ó wà. Mo mọ̀ pé òun gan-an ni ọmọbìnrin yìí nílò. Ṣùgbọ́n kò ní iná aláwọ̀ méje.

Máòsì tèmi ní in.

Ọjọ́ kìíní, sọfitíwíà rẹ̀ jẹ dátà tí mo fẹ́ fi wo bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ kejì, ó ní òun ti gbó, kí n lọ gba tuntun. Ọjọ́ kẹta, ó bi mí pé eré wo ni mo ń ṣe. Mo ní n kì í ṣeré, ẹ́ ni mo ń wá. Ó ní kí n yan eré. Ìjàkadì ni wọ́n mọ Ọ̀fà mọ́, n ò sì fẹ́ dójú ti ìlú, mo bá wọ̀ ọ́ mú. Mo yan eré ogun kan tí n ò mọ̀ rí. Ìgbà náà ló tó ṣí yàrá kan fún mi, tí yàrá mẹ́rin mìíràn tún wà nínú rẹ̀, tí ohun tí mo ń wá sì wà lábẹ́ ohun tí n ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo rí ẹ fi sí bọ́tìnnì kẹta. Ẹ́ ló kọ̀. Ẹni tó mọ ìdí ẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé nínú ìṣirò Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé àmì ohùn lérí, ó di èèyàn méjì nínú ẹ̀wù kan, nọ́ńbà méjì. Sọfitíwíà mi sì gbà pé ẹnì kan ló ń gbé inú ẹ̀wù kan.

Ó ṣì sàn fún mi. Ní 2021, ẹnì kan tó ń wádìí ààbò fi hàn pé bí èèyàn bá ki máòsì iléeṣẹ́ Razer bọ kọ̀ǹpútà Windows (tèmi kì í ṣe tiwọn), ètò tó ń tẹ̀ lé e wọlé pẹ̀lú àṣẹ tó ga jù nínú ẹ̀rọ náà, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ sì lè gba àṣẹ yẹn lò. Àlejò tọrọ omi, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn á tún un ṣe.

Ẹ sì wo ibi tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní December 9, 1968, Douglas Engelbart fi máòsì han àwọn èèyàn ní San Francisco. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló ní. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí pátákó kékeré kan tó ní bọ́tìnnì márùn-ún, ìka márùn-ún, bọ́tìnnì márùn-ún. Ó ṣòroó kọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹni tó ṣe é wo ọwọ́ kó tó ṣe é. Kí ló wá dé tí a ò lè tẹ bọ́tìnnì tí a fẹ́, kí kọ̀ǹpútà bi wá pé, "Kí ni kí èyí máa ṣe?", ká dá a lóhùn, kí ọ̀rọ̀ náà sì máa gbé inú máòsì fúnra rẹ̀? Kì í ṣe àlá. Àwọn kíbọ́ọ̀dù tó ń lo VIA, ètò tí a fi ń yan iṣẹ́ fún bọ́tìnnì, ń pa tiwọn mọ́ sínú ara wọn báyìí, wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní ímeèlì.

Tèmi ò pa nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ọmọbìnrin náà, máòsì ti gbàgbé gbogbo ìjàkadì wa. Kọ̀ǹpútà ilé ló fi ìmọ̀ rẹ̀ sí. Ó ní kí n tún forúkọ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ ímeèlì lọ́wọ́, NEPA múná lọ.

Ọmọbìnrin náà rọra gbé àwo ọ̀dùnkún rẹ̀ sẹ́yìn. Bátìrì ṣì wà nínú laptop rẹ̀, ó ṣí ABD, ó mú ẹ́ méjì àti ọ̀ kan, ó parí ìwé ìpè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i. Òkùnkùn ti ṣú díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó fa máòsì mi mọ́ra, ó fi iná rẹ̀ ka ṣéńjì, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ jẹ́ ó wà níbí."